Iṣẹ́ Dókítà Ẹsẹ̀: Kí Ọmọ Fojú Rí I Kí Á Tó Náwó Lé E

  

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan gbogbo ẹni tó bá lọ́mọ ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Ó sì kan ẹni tí kò lọ́mọ níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tó máa ń fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ fún ẹni tó fẹ́ yáwó ilé-ìwé. Bí ọmọ wa bá ti yege ìdánwò, iṣẹ́ mẹ́ta péré la máa ń dárúkọ fún un: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Bí ó bá dárúkọ òmíràn, inú wa kì í dùn sí i. Bẹ́ẹ̀ àwa oníṣòwò la máa ń sọ ọ́ lẹ́nu jù pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a kì í sábà rí la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, ìyẹn iṣẹ́ ìṣègùn ẹsẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní podiatry.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè rí nílé. Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, iṣẹ́ dókítà ẹsẹ̀ wù mí í ṣe." Ìyá bú sẹ́rìn-ín: "Dókítà ẹsẹ̀ kẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣàìsàn ni? Ìwọ ṣáà lọ ṣe dókítà gidi." A ò lè bá ìyá yẹn wí. Ohun tí ènìyàn ò rí rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Àmọ́ bí òun náà ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì ìsọ̀ láti àárọ̀, nítorí pé gìgísẹ̀ ń dùn ún.

KÍ NI DÓKÍTÀ ẸSẸ̀ Ń ṢE?

Ẹsẹ̀ tí a ń wò bí ohun kékeré yìí, eegun 26 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ó di 52. Eegun tó wà nínú gbogbo ara àgbàlagbà sì jẹ́ 206. Èyí fi hàn pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin eegun ara wa ló wà nínú ẹsẹ̀ méjèèjì, láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Orí wọn la gbé gbogbo ìwúwo ara lé, tòun ti ẹrù tí a bá tún rù lọ sọ́jà.

Dókítà ẹsẹ̀ ni ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀. Òun ló ń tọ́jú èékánná tó wọ inú ẹran, àtẹ́lẹsẹ̀ tó le tó sì ń dunni bí ẹni tẹ ẹ̀gún, gìgísẹ̀ tó ń dunni láràárọ̀ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, eegun ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó wọ́. Ó ń wo bí ọmọdé ṣe ń rìn, ó sì ń sọ irú bàtà tó yẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ẹsẹ̀ máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì máa ń kọ oògùn fún aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó má baà di àríyànjiyàn lẹ́yìn ọ̀la: ìwé ẹ̀rí dókítà ẹsẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ báyìí pé DPM, yàtọ̀ sí ti dókítà gbogbo ara, tí wọ́n ń kọ ní MD. Ẹni tó bá gba DPM, ẹsẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú. Ọmọ tó bá jẹ́ pé àìsàn ọkàn tàbí gbígbẹ̀bí ló wù ú, kí ó gba ọ̀nà ti MD lọ.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI LE

Àrùn kan ló jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀: àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ohun méjì ló máa ń ṣe fún ẹsẹ̀. Èkíní, ó máa ń ba àwọn iṣan tí a fi ń mọ ìrora jẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ lè wà nínú bàtà ẹni náà láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní mọ̀. Èkejì, ó máa ń jẹ́ kí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ há. Egbò kékeré tí ì bá jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan wá di egbò oṣù mẹ́ta, kòkòrò àrùn wọ̀ ọ́, ó sì dé eegun. Nígbà tí òórùn bá fi máa jáde, gígé ẹsẹ̀ náà lè jẹ́ ohun tó kù tí dókítà lè fi gba ẹ̀mí là.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Ìyá tó ń fi ẹsẹ̀ kiri ọjà, bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ á tì. Owó oṣooṣù rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ á dúró, ẹ̀yáwó ọrùn rẹ̀ á sì bọ́ sọ́rùn àwọn onígbọ̀wọ́. Ohun tó sì dunni jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá má gé, ká ní ẹnì kan tó mọṣẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò lásìkò.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò yẹn gan-an ni dókítà ẹsẹ̀ ń ṣe, kò sì nílò ẹ̀rọ ńlá. Yóò mú òwú ọ̀rá tín-ín-rín kan, yóò ní kí aláìsàn dijú, yóò wá máa fi òwú náà kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi oríṣiríṣi. Wọ́n ti ṣe òwú náà kí ó tẹ̀ bí agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bá ti tó ìwọ̀n gíráàmù 10. Ibi tí aláìsàn kò bá ti mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun, ewu ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìkì lórí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀ ti inú, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ láàárín wa, kí ó mú èyí lò lálẹ́ òní: kí ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ lálaalẹ́, tàbí kí ó ní kí ọmọ bá òun wò ó. Kí ó má ṣe rìn láìwọ bàtà. Kí ó má ṣe fi abẹ gé ibi tó le. Bí egbò kankan bá yọ, bó ti wù kó kéré mọ, kí ó gba ọsibítù lọ.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ààrẹ Abraham Lincoln fúnra rẹ̀ ní oníṣègùn ẹsẹ̀, Isachar Zacharie lorúkọ rẹ̀. Ní 1862, Lincoln kọ̀wé láti jẹ́rìí pé ọkùnrin náà tọ́jú ẹsẹ̀ òun dáadáa. Láyé ìgbà yẹn, chiropodist ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe é, ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń kọ́ ọ, bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ní 1911 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní New York. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1912, ni àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń gùn sí i, tí ó fi di ohun tó dà lónìí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó gbé wọn ga: wọ́n dá ẹgbẹ́, wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n fi òfin de ara wọn. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń dúró.

BÁWO NI ỌMỌ ṢE LÈ MỌ̀ BÓYÁ IṢẸ́ RẸ̀ NI?

Níbí ni ẹ̀kọ́ wa ti òní fìdí kalẹ̀ sí. Kò sí oníṣòwò kan nínú wa tí yóò ra àpò ẹ̀wà láì tú ẹnu rẹ̀ wò. A ó kiwọ́ bọ̀ ọ́, a ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, a ó wò ó bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di iṣẹ́ tí ọmọ wa yóò fi ogójì ọdún ṣe, orúkọ rẹ̀ nìkan la fi ń rà á! Ó yẹ kí ọmọ tú ẹnu àpò iṣẹ́ náà wò. Báyìí ni yóò ṣe é:

1. Kí ó bẹ̀rẹ̀ nílé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ìyá àgbà bá ní àtọ̀gbẹ, kí ọmọ náà máa bá a wo ẹsẹ̀ lálaalẹ́. Ọmọ tó bá ń yínmú sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, báwo ni yóò ṣe gbé ẹsẹ̀ àjèjì lé orókún?

2. Kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ tàbí tíṣà báyọ́lọ́jì, kí ó fi bẹ ọsibítù tó wà nítòsí pé òun fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn àtọ̀gbẹ, tàbí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ìrìn padà. Bí wọ́n bá gbà á láyè, kí ó lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

3. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ tó bá wà lọ́hùn-ún, kí ó wá dókítà ẹsẹ̀ tó wà ládùúgbò, kí ó bẹ̀ ẹ́ kí òun wá jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan, kí òun máa wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹsẹ̀ ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti rí i pé ọmọ ti ṣe èyí. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń retí kí dókítà ẹsẹ̀ kọ lẹ́tà láti jẹ́rìí ọmọ.

4. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ sí: ọjọ́ tó lọ, wákàtí tó lò, ohun tó rí, ohun tí kò yé e. Kí ó má kọ orúkọ aláìsàn kankan síbẹ̀ o. Àṣírí ni.

Kí ni ọmọ náà máa rí? Yóò rí bàbá arúgbó tí kò lè bẹ̀rẹ̀ gé èékánná ara rẹ̀ mọ́. Yóò rí ẹni tí egbò rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́ta, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Yóò rí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí kókósẹ̀ rẹ̀ wú. Bí ó bá darí délé tó ṣì ní òun fẹ́ padà lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ náà ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì ní òun ò ṣe mọ́, ẹ má nà án, ẹ má bú u. Owó ńlá ló bá yín fi pamọ́ yẹn.

ÌMÚRASÍLẸ̀

Ọmọ tó wà nílé níbí, kí ó di àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí mú ṣinṣin láti SS1: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì. Kí ó gba kírédíìtì nínú márààrún. Kò sí ẹ̀ka ìṣègùn kan tí àwọn márùn-ún yìí kò ní wúlò fún. Bí ó bá tiẹ̀ yí ọkàn padà, kò pàdánù.

Ní Amẹ́ríkà, báyìí ni ọ̀nà náà ṣe lọ. Ọmọ yóò kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì, ọdún mẹ́rin sì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Níbẹ̀ yóò kọ́ báyọ́lọ́jì, kẹ́místrì oríṣi méjì, àti físíìsì, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MCAT, èyí tí àwọn tó ń lọ kọ́ MD náà ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló máa wá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹsẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lára wọn ni èyí tó wà ní New York, ti Yunifásítì Temple ní Philadelphia, ti Kent State ní Ohio, ti Barry ní Florida, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní 2022. Ọdún méjì àkọ́kọ́, inú kíláàsì ni wọ́n ti ń lo èyí tó pọ̀ jù, ọdún méjì tó kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ aláìsàn. Bí wọ́n bá jáde, wọn yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó dá dúró. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ló máa fún un ní láíséǹsì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà náà kúrú jù bẹ́ẹ̀. Láti sẹ́kọ́ńdírì ni ọmọ ti lè wọ yunifásítì lọ kọ́ podiatry tààrà. Ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́ ní England, mẹ́rin ní Scotland. Bí ó bá jáde, yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní HCPC. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní podiatrist tàbí chiropodist, òfin dè é. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ níbẹ̀, yóò tún kẹ́kọ̀ọ́ ọdún púpọ̀ sí i.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ RẸ̀

Ti Amẹ́ríkà: ọdún 4, pẹ̀lú ọdún 4, pẹ̀lú ọdún 3, ó di ọdún 11. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 18 yóò ti pé 29 kí ó tó dá dúró. Nínú ọdún mẹ́ta ti ọsibítù, wọn yóò máa san owó oṣù fún un, kì í ṣe òun ni yóò máa sanwó.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹsẹ̀ nìkan, ní púpọ̀ nínú wọn, ju 35,000 dọ́là lọ lọ́dún. Ẹ fi mẹ́rin lọ́nà rẹ̀: 140,000 dọ́là. A kò tíì ka oúnjẹ, ilé àti ìwé, a kò sì tíì ka ọdún mẹ́rin ti yunifásítì àkọ́kọ́. Ẹ wá fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lónìí sọ ọ́ di náírà.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa kò lè gbé ẹrù yẹn. Kí a má tan ara wa jẹ. Ẹni tó bá ta ilẹ̀, tó ta ìsọ̀, tó tún kó onígbọ̀wọ́ mẹ́rin sí i, yóò bá ara rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fún akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ onílẹ̀ àti àwọn tó ní ìwé àtigbé ibẹ̀ ló wà fún. Nítorí náà, ọ̀nà Amẹ́ríkà yìí yẹ ọmọ tó ti wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú ìwé tó pé, tàbí ẹni tó bá rí ìrànlọ́wọ́ owó gbà kí ó tó kúrò nílé.

Ohun tí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ lè ṣe, tó sì ń ṣe é dáadáa, ni owó ìdánwò WAEC àti JAMB, owó lẹ́sìnnì kẹ́místrì àti físíìsì, owó ìwé, àti owó ọkọ̀ tí ọmọ yóò fi lọ wo iṣẹ́ ní ọsibítù. Owó kékeré wọ̀nyí ló ń ṣí ilẹ̀kùn owó ńlá.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe ara wọn ní aṣojú. Ojú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹsẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń gba ìwé àwọn tó fẹ́ wọlé, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín ra àyè, ẹ sá fún un.

ỌMỌ TÍ KÒ NÍ RÉKỌJÁ ÒKUN Ń KỌ́?

Òun náà lọ́nà. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, iṣẹ́ dókítà ẹsẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀ lọ́tọ̀ bí ti nọ́ọ̀sì tàbí ti onísègùn eyín. Àwọn mìíràn ló ń pín in ṣe: dókítà àtọ̀gbẹ, dókítà eegun bí irú àwọn tó wà ní Ìgbóbì ní Èkó, nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò, oníṣẹ́ físíò tó ń kọ́ni ní ìrìn, àti àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ẹ̀kọ́ ṣíṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Owerri. Ọmọ tí ìtọ́jú ẹsẹ̀ bá wù, kí ó mú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ṣe ibi tí òun yóò ti mọṣẹ́ jù.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ lókèèrè kó tó padà wálé, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ nílé bí wọn yóò ṣe gba ìwé ẹ̀rí náà. Kí ó béèrè kí ó tó lọ o, kì í ṣe nígbà tó bá dé. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ohun méjì tí àtọ̀gbẹ máa ń ṣe fún ẹsẹ̀?
2. Kí ló yàtọ̀ láàárín DPM àti MD?
3. Ọdún mélòó ni ọmọ yóò lò ní Amẹ́ríkà? Mélòó ní England?
4. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wá yáwó láti rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ kan, ìbéèrè wo ló yẹ kí onígbọ̀wọ́ bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ síwèé?
5. Ta ló mọ dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí oníṣẹ́ físíò tó lè gba ọmọ wa láyè láti wá wo iṣẹ́? Kí ó mú orúkọ rẹ̀ wá fún akọ̀wé.

Ìbéèrè karùn-ún yẹn ni kí ẹ má gbàgbé. Bí orúkọ mẹ́ta péré bá wọlé, a ó kọ ọ́ sára pátákó, kí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wa lè rí ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́